Ọmọ Tó Sáré Wá Sọ Òótọ́

Ní ọdún tí Fọláṣẹwà pé ọmọ ọdún méje, agbára káká ni ìyá ọmọ kan fi ṣẹ́kù ní àdúgbò wọn ní Àpòmù tí kò tíì bá Susannah, ìyá rẹ̀, fa ọ̀rọ̀. Bí Ṣẹwà kò bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ léjìká, á ti ẹlòmíràn sínú gọ́tà. Ó gbé báàgì ọmọ kíláàsì rẹ̀ jù sínú ṣalángá, nígbà tí wọ́n sì bi í, ó wo tíṣà lójú kòrókòró, ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Irọ́ yẹn gan-an ló ń dun Susannah ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ náà a máa pa á láìṣẹ́jú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, títí ìyá rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àwọn ará ìta ló ń purọ́ mọ́ ọn.

Susannah jẹ́ akọ̀wé ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkirè. Ọkọ rẹ̀, Ọládipọ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò ní Àpòmù. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn méjèèjì, àwọn sì ni tọkọtaya tó bá ń jà ládùúgbò máa ń sá tọ̀ wá. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí máa tì wọ́n lójú. Ọládipọ̀ fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n pàṣán nìkan ni ó mọ̀ tí a fi ń tọ́ ọmọ. Wọ́n na òun náà nígbà tó wà ní kékeré, kò sì kú. Ṣùgbọ́n bó ti ń na Ṣẹwà tó ni ojú ọmọ náà ń le tó. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀, Olúwadámilọ́lá, ọ̀rọ̀ náà tún wá gba ibòmíràn yọ, torí kò sí ohun tí Ṣẹwà ò lè ṣe tí wọ́n bá ti gbé ọmọ titun náà lé ọwọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n lọ wá ibòmíràn fún ọmọ wọn tí sáà bá parí, Susannah sunkún dé ibi iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì ló sọ fún un nípa ẹgbẹ́ ìdílé tí Nọ́ọ̀sì Deborah dá sílẹ̀ fún àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ti sú. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì tọrọ gbọ̀ngàn ìjọ Áńgílíkà wọn ní Ìkirè lò ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé.

“Gbogbo ilé ló ń lọ o,” ni obìnrin náà wí. “Bàbá, ìyá, ọmọ. Wọn kì í gba ìyá nìkan.”

Nígbà tí Susannah gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Ọládipọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó.

“Ṣé orí wa ló dàrú ni, tí wọ́n fẹ́ kó wa jọ sójú kan?”

“Dádì Ṣẹwà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mi ò ní í pè yín mọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré,” ni Ọládipọ̀ wí, ó sì fi awò rẹ̀ padà sójú.

Ní Sátidé náà, táksí Máíkírà kan tó ń ná Àpòmù sí Ìkirè ni wọ́n wọ̀. Rùfáì ni awakọ̀ náà ń jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Soliat, jókòó níwájú, ó gbé ọmọkùnrin wọn, Abdulmumin, lé ẹsẹ̀. Ọládipọ̀ kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ gan-an. Ó kàn ní kí ó já wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, tí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, Rùfáì náà pa ọkọ̀ rẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn.

“Alàgbà, ẹ̀yin náà?” ni Rùfáì bi í.

“Èmi náà ni o,” ni Ọládipọ̀ dáhùn. Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Ọládipọ̀ fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà kó má baà ṣubú. Susannah mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ẹ̀rín yẹn, ọkọ òun ì bá yíjú padà lẹ́nu géètì.

Nínú gbọ̀ngàn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹní tirẹ̀. Ìrẹsì àti dòdò wà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì Deborah, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ rọ̀, ní kí àwọn ọmọ lọ bu oúnjẹ wá fún òbí wọn. “Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Tó bá gbé e dé, ẹ kí i.”

Ṣẹwà bu ti bàbá rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹní wọn, ó fẹsẹ̀ kọ, ìrẹsì dà sílẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn dúró gbọn-in, ó sún èjìká rẹ̀ sókè dé etí, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń retí ìgbátí. Susannah wò ó. Ó ti rí i tí wọ́n ń na ọmọ yìí, òun náà sì ti nà án rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí i níbi tó ti ń dúró dè é.

Ọládipọ̀ náà rí i. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú. “Kò burú,” ni ó wí. “Lọ bu òmíràn wá. O ṣeun.”

Ṣẹwà la ojú kan, kó tó la ìkejì.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí òbí kan jókòó ti ọmọ kan, kí ọmọ náà mú eré tó bá wù ú, kí òbí máa tẹ̀ lé e. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní nǹkankan, wọn kò gbọ́dọ̀ bá a wí. Ọládipọ̀ ló bọ́ sí ọ̀dọ̀ Ṣẹwà, torí Susannah gbé Dámilọ́lá dání. Ṣẹwà ní ilé ìwé ni àwọn máa ṣe. Òun ni tíṣà, bàbá rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kó jókòó sílẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ kò. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí i lójú.

“Ọ̀dẹ̀! Ẹ̀ẹ̀melòó ni màá sọ ọ́ kó tó wọ̀ ẹ́ lórí? Ṣé orí ẹja ni wọ́n gbé fún ẹ ni? Dìde, kúrò níwájú mi, mi ò fẹ́ rí ẹ!”

Ohùn Ọládipọ̀ ni, ó kù díẹ̀ kí ikọ́ tó máa ń hú pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lórí ẹní tó tẹ̀ lé tiwọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ọládipọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde bí tíṣà rẹ̀ ti wí, ó lọ dúró sí ẹ̀bá ògiri, ó sì wà níbẹ̀ títí Ṣẹwà fi pè é pé kó máa bọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ sì ń ṣeré nínú ilé. Nọ́ọ̀sì Deborah kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn bi wọ́n pé kí ló ṣòro nílé. Soliat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìṣó gún Abdulmumin lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dé, ọmọ náà sì fi í pamọ́ nítorí ìyà títí ẹsẹ̀ fi wú bí bọ́ọ̀lù.

“Ẹ̀rù kì í kọ́ ọmọ níwà,” ni Nọ́ọ̀sì Deborah wí. “Ibi tí yóò fara pamọ́ sí ló ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú nǹkan kan. Ọmọ tó bá fẹnu ara rẹ̀ wá sọ òótọ́ fún yín, ẹ má nà án lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó ní kó tún ohun tó bà jẹ́ ṣe.”

“Tí mi ò bá nà án, Mà,” ni Ọládipọ̀ wí, “kí ni yóò mú un bẹ̀rù ibi?”

“Tíṣà, ó ti ń bẹ̀rù yín ọjọ́ ti pẹ́. Ṣé ibi ọ̀hún ti dín?”

Nígbà tí wọ́n délé nírọ̀lẹ́, Ọládipọ̀ tẹ̀ lé Susannah dé ìdí àdògán.

“Ṣé bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?”

Susannah ro ó wò bóyá kí òun fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ tù ú nínú. “Bẹ́ẹ̀ náà ni,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Èmi náà, mo mọ̀ pé ó ní bí mo ṣe ń sọ tèmi.”

Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n tètè jáde ní Sátidé tó ń bọ̀, kí òjò má baà ká wọn mọ́nà. Susannah ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ, kó má baà di pé ọ̀rọ̀ náà yí padà.

Ẹni tó bá ní ọmọ náà yí padà lọ́jọ́ kejì, irọ́ ló ń pa. Ṣẹwà ṣì ń jà. Àwọn ọjọ́ wà tí Ọládipọ̀ gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́, tó pariwo títí ara ilé kejì fi yọjú. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, kó tó jẹun alẹ́, ó ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò, tí Ṣẹwà á máa darí rẹ̀ bó ti wù ú. Ó ti di aláìsàn rí, ó ti di èrò inú ọkọ̀, ó ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín. Susannah náà ń ṣe tirẹ̀. Ó ń mú ọmọ náà dání lọ ra èlò ọbẹ̀, òun nìkan, láìgbé Dámilọ́lá, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lọ, sọ̀rọ̀ bọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ṣẹwà wọlé pẹ̀lú awò ojú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan ti kán lára rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, jìnnà sí wọn.

“Dádì, mo fi ṣeré, mo sì jókòó lé e. Èmi ni.”

Ọládipọ̀ dìde, ó jáde, ó yí ilé po, ó tún wọlé. “O ṣeun tó o sọ fún mi,” ni ó wí. “Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n o ṣeun. Lọ wọ bàtà ẹ, a jọ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ni.”

Ìgbà ìsinmi gígùn, tí wọ́n ṣì ń wá ilé ìwé mìíràn fún Ṣẹwà, ni ìyá Ọládipọ̀ wá láti Ìkòyí ti Ọ̀ṣun, kí wọ́n lè máa lọ rí dókítà ní Ìkirè nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àgbà obìnrin tí ojú rẹ̀ kò fo nǹkankan ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá ọmọ wọn lórí ìkúnlẹ̀, tí Ṣẹwà ń ṣe dókítà, tó ń fi ṣíbí ike wọn ìbà fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́ lé ara wọn.

“Ọládipọ̀, ìwọ lọmọ ń gùn bí ẹṣin báyìí? Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ Sátidé yín, ẹ ó gbọ́n ṣá, tó bá yá.”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Ọládipọ̀ wí láti ilẹ̀. “Ara mi ò yá ni.”

Ó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Susannah ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọládipọ̀ ń tún ilé adìẹ ṣe. Màmá ti sùn lọ lórí àga ní pálọ̀. Ṣẹwà yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di ike pẹlẹbẹ tí hóró oògùn máa ń wà nínú rẹ̀ mú.

“Mọ́mì, mo ti ṣe nǹkan tí ò dáa.”

“Kí lo ṣe?”

“Mò ń ṣe dókítà. Mo fún Dámilọ́lá ní oògùn Màmá. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ ṣúgà, ó sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo èyí tó kù nínú ibí yìí ni.”

Susannah ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Dámilọ́lá jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó ń lá ṣíbí, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tí ènìyàn ì bá fi mọ̀.

Nígbà tí Susannah gbójú sókè, Ọládipọ̀ ti dé. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra. Ó rí Ṣẹwà tó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lé orí ọmọ náà, ó dúró síbẹ̀, Ọládipọ̀ sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“O ṣeun tó o sọ fún wa. Gbọ́ mi dáadáa. Ṣé ó ti pẹ́ tó ti jẹ ẹ́?”

“Kò pẹ́. Bó ṣe jẹ ẹ́ tán ni mo sáré wá, torí mo rántí pé Màmá ní agbára rẹ̀ pọ̀.”

Ariwo ti jí Màmá. “Epo pupa!” ni wọ́n ń ké. “Ẹ rọ epo pupa sí i lẹ́nu!” Ṣùgbọ́n Susannah ti ń pe Nọ́ọ̀sì Deborah lórí fóònù.

“Ẹ má fún un ní epo,” ni Nọ́ọ̀sì Deborah wí. “Ẹ má fún un ní nǹkankan, ẹ má sì ní kó bì. Ẹ mú ike oògùn yẹn dání. Ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù ní Ìkirè, màá ti dé ibẹ̀ dè yín.”

Rùfáì ni Ọládipọ̀ pè. Èrò ti kún ọkọ̀ rẹ̀ ní gáréèjì nígbà náà. Ó sọ fún wọn pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun ń kú lọ, ó bẹ̀ wọ́n, gbogbo wọn sì bọ́ọ́lẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Susannah ní kí Ṣẹwà wọlé sí ọkọ̀, torí òun ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò tíì dé Ìkirè tí orí Dámilọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí ọwọ́ ẹni tó jáde nínú odò. Susannah ń pe orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, ó ń pe ti Ọlọ́run mọ́ ọn. Rùfáì tẹ fèrè ọkọ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Deborah ti ń dúró dè wọ́n ní ọsibítù. Dókítà gba ike oògùn náà, ó wò ó, ó béèrè lọ́wọ́ Ṣẹwà fúnra rẹ̀, ọmọ náà sì dáhùn, kò fi ọ̀kan pe méjì. Kíá ni wọ́n fa omi sí Dámilọ́lá lára. Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á díẹ̀, dókítà ní kí nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ilé-Ifẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ wọn ti pé.

“Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè mọ̀,” ni ó wí. “Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ó rò pé oorun ló ń kùn ún. Ẹ̀ bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Susannah gbé dání dé Ifẹ̀. Ó ń rí aṣọ tó ń fọ̀. Ó ń rí ọmọ tó sùn lọ nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò jí, torí ta ni í jí ọmọ tó bá sùn lọ́sàn-án?

Ní ọjọ́ kẹta, Dámilọ́lá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun nọ́ọ̀sì, wọ́n sì mọ̀ pé ó ti kúrò nínú ewu.

Ọ̀dọ̀ Soliat ni wọ́n fi Ṣẹwà sí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìkirè. Soliat sọ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: “Ṣé mo ti pa á?” Nígbà tí Ọládipọ̀ lọ mú un, ó gbé e mọ́ra fún ìgbà pípẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé Rùfáì, níṣojú àwọn ènìyàn.

“Ìwọ lo fún un ní oògùn, òótọ́ ni, ìyẹn ò sì gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́,” ni ó wí. “Ìwọ náà lo gbà á là. Tó ò bá sáré wá sọ ni, à bá ti pàdánù ẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Dádì.” Ìgbà náà ni ẹkún tó ti wà nínú ọmọ náà láti Ọjọ́bọ̀ tú jáde.

Kí wọ́n tó dé láti Ifẹ̀, Màmá ti kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, wọn ò jẹ́ kó kúrò lára wọn. Ọládipọ̀ kan àpótí kékeré mọ́ ògiri lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ṣẹwà ló ń na ìṣó sí i. Màmá dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò wọ́n títí wọ́n fi kan ìṣó ìkẹyìn, wọ́n wá fa ọmọ náà mọ́ra.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí. “Àbẹ̀kẹ́ mi. Ẹnu tí o fi sọ òótọ́ yẹn, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kó bà jẹ́.” Wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé ìdílé ìyá rẹ̀, Susannah sì kúnlẹ̀ síbi tó wà, torí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá ní àwọn náà ń lọ sí Ìkirè. Wọ́n wọ aṣọ ìjọ́sìn wọn, wọ́n sì ní kí Rùfáì gbé iṣu tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìkòyí sí bùútù. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, wọ́n dúró láàárín àwọn ẹní, wọn kò dúró de kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

“Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, mi ò mọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ẹ wá wo ọmọ ọmọ mi, ó ń mí. Nọ́ọ̀sì, ẹ ti bá mi da omi tútù sílé ọmọ mi. Ilé tiyín náà á tutù.”

“Àmín o, Màmá,” ni Nọ́ọ̀sì Deborah wí, wọ́n ń nu ojú. “Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ. Lẹ́yìn Rẹ̀, Ṣẹwà. Lẹ́yìn Ṣẹwà, Rùfáì tó sọ èrò sílẹ̀.”

“Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ mi,” ni Rùfáì wí. “Àwọn èrò yẹn ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó bú mi nínú wọn.”

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí igbe ta láti ìta. Ṣẹwà ti ti ọmọ kan ṣubú nítorí bọ́ọ̀lù.

“Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o!” ni Màmá wí.

Ọládipọ̀ fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ òun, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé, Susannah rí i tó lóṣòó síwájú ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń fetí sílẹ̀ bí Ṣẹwà ti ń nàka síbí, tó ń nàka sọ́hùn-ún. Susannah kò dìde. Ó gbé Dámilọ́lá lé itan, ó sì ń yọ egungun ẹja fún un.